Ọwọ́ Tó Ṣí Ilẹ̀kùn Ìyá

Yétúndé fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Kò sí ẹni tó rán an. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló yí lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e, ó fẹsẹ̀ kọ, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ilẹ̀kùn Ìyá kó má baà ṣubú. Iná kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn náà, tí a kò rí kó tàn láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá, tàn ní àwọ̀ ewé. Irin inú rẹ̀ dún, ilẹ̀kùn sún wọnú ògiri, òórùn àdí àti òwú ìdìrí sì fẹ́ jáde bá wa.

Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe ti kọ́kọ́rọ́. Àwọn ará apá ìwọ̀-oòrùn igbó nìkan ló ṣì ń lo kọ́kọ́rọ́, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí òkun ti lé wa kúrò létí omi tí a gun òkè Ìdànrè wá, okùn ìran onílé ni ilẹ̀kùn ń kà lára òógùn àtẹ́lẹwọ́, okùn ẹni yẹn nìkan ló sì ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi Ládiméjì ti gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn Ìyá títí, kò dá a lóhùn. Títíladé ìyàwó rẹ̀ náà dán an wò, pàbó ló já sí. Èmi kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án rí. Láti kékeré ni Ìyá ti kìlọ̀ fún mi pé ilẹ̀kùn òun máa ń jó ọwọ́ ọmọ aláìgbọràn, mo sì bẹ̀rù Ìyá ju bí mo ṣe bẹ̀rù ìjọba lọ. Bí onílé bá kú, ilé ẹjọ́ ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la, yàrá náà sì wà ní títì.

Èrò wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé lọ́jọ́ kejì ni wọn yóò ka okùn Yétúndé kó tó lè wọ ilé ìwé, àwọn aládùúgbò sì ti wá bá wa jẹ ẹ̀wà. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo ọmọ, wọ́n tún wo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n ń kí i kú àbọ̀, wọ́n ní Ìyá mà pẹ́ lọ́nà, wọ́n ní ṣé wọ́n bá ilé láyọ̀. Aládùúgbò kan ní òun ti sọ ọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé ojú yìí àti ìka ẹsẹ̀ yìí, Ìyá onídìrí ló gbé wọn padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó bí. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé ló wà nílẹ̀ àfi èmi.

"Eyínfúnjowó, ẹ ò ní kí Ìyá ni?" Títíladé bi mí.

Orúkọ tó sọ mí nìyẹn lọ́jọ́ tó wọlé wa, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Ìbídùnní gbàgàdà. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu lọ. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Òótọ́ sì ni. Orúnkún mi kì í gba òtútù òkè yìí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, irun mi sì ti hewú kí n tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún ló dá mi dúró, iṣẹ́ mi ni. Olùwo okùn ni mí ní Ilé Okùn, mo sì mọ ìwọ̀nba ohun tí ilẹ̀kùn mọ̀. Ilẹ̀kùn kò mọ Yétúndé. Kò mọ̀ pé ojú ọmọ kan jọ ti ìyá bàbá rẹ̀. Okùn ló ń kà, bí okùn kò bá sì pé délẹ̀délẹ̀, kò ní ṣí. Ọmọ-ọmọ kì í ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin okùn ìyá àgbà rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún ọmọ tí Ìyá fún lọ́mú, kí ló rí lọ́wọ́ ọmọ ọmọ náà?

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo jókòó, mo ń jẹ ẹ̀wà mi, mo ń wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo rántí òòyà Ìyá. Òòyà onígi ni, kì í kúrò nínú irun rẹ̀, òun ló fi ń la orí gbogbo obìnrin àdúgbò kó tó di òwú mọ́ ọn. Èmi ọmọbìnrin ló yẹ kó kàn nígbà tí a ń pín ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, òòyà ti pòórá. Láti ìgbà náà ni mo ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan Títíladé nínú ọkàn mi. Mo tún rántí irun funfun kan tó wà níwájú orí Yétúndé láti ìgbà tó ti ń rákòrò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi ṣe àwàdà pé Ìyá gbàgbé láti bọ́ ewú sílẹ̀ lọ́run. Mo rántí pé Títíladé kì í jẹ́ kí n di irun ọmọ náà, èmi ọmọ onídìrí, àti pé bó bá tú irun rẹ̀ tán, ó máa ń ṣa èyí tó já, ó sì máa ń sun ún níná. Mo ti rò pé ẹ̀rù àwọn ọ̀tá ló ń bà á. Kò sí ìgbà kan tí mo rò pé èmi gan-an ni ọ̀tá tó ń sá fún.

Nígbà tí Títíladé sin àwọn àlejò dé ìdí àga tó ń gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ òkè, mo pe Yétúndé. Òwú irun rẹ̀ kan ti tú níbi tó ti fẹsẹ̀ kọ. Mo ní kó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n bá a tún un dì. Mo dì í dáadáa, mo ta kókó sí ìparí rẹ̀ bí Ìyá ṣe kọ́ mi, nítorí bí kókó ìparí bá tú, gbogbo irun ni yóò tú tẹ̀ lé e. Kí n tó dì í, mo fa irun kan tu pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

"Àǹtí, ó dùn mí o," ó ní.

Mo ní pẹ̀lẹ́. Mo fi irun náà sínú àpò mi, mo sọ fún un pé mo gbàgbé nǹkan síbi iṣẹ́.

Orí àpáta pẹrẹsẹ ni Ilé Okùn wà. Ọjọ́ ìsinmi ni, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ mi, ó béèrè pé kí ló dé tí n kò sinmi, mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́la, mo fẹ́ tún tábìlì mi ṣe. Ó ṣàdúrà fún ọmọ náà. Àmín mi kò jáde dáadáa.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wo okùn, Arínúróde ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣiṣẹ́. Èyí tí a fi ń ṣe ti ìjọba máa ń gbé okùn lọ sínú Àká, níbi tí okùn gbogbo ọmọ ìlú wà, láti fi wé ti àwọn yòókù. Ní ilẹ̀ wa tí ìbejì pọ̀ sí, bí Arínúróde bá rí okùn méjì tó bára mu, aago ìbejì ló máa kọ́kọ́ lù, yóò rọra béèrè pé ìkejì rẹ dà? Táyé àti Kẹ́hìndé á na ìlẹ̀kẹ̀ ìbí wọn sí i, á sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹni tí kò bá ní ìkejì tí wọ́n jọ wá láti inú oyún kan, àdàkọ ni, ẹni tí wọ́n fi okùn ẹlòmíràn dá. Mo ti rí i tí wọ́n ń gbé àdàkọ kan lọ rí, ọmọ tí bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ, wọ́n á bọ́ orúkọ kúrò lára wọn. Ẹni tó ṣe wọ́n, wọ́n á ti okùn rẹ̀ pa, kò sì ní sí ilẹ̀kùn kan nílẹ̀ yìí tí yóò ṣí fún un mọ́ títí tó fi máa kú. Àwọn olówó ló fa òfin yìí, àwọn tí wọ́n ń da ara wọn kọ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ogún wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láéláé. Ọ̀nà kejì, ti àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni, kì í lọ síbì kankan. Òun ni mo tẹ̀.

Arínúróde mú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nídìí irun náà, ó bọ́ ọ, ó tì í láti pín sí méjì, ó sì dá a dúró lágbedeméjì. Ìgbà yẹn nìkan ni kírómósómù ṣeé rí dáadáa. Ní ìgbà yòókù, ńṣe ló máa ń tú káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Okùn gígùn ni. Ṣúgà àti fọ́sífétì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, lẹ́tà mẹ́rin ló sì wà láàárín, A máa ń kọjú sí T, G máa ń kọjú sí C, wọn kì í pààrọ̀ ọkọ. Okùn yìí ló ń yí ìlẹ̀kẹ̀ púrótéènì po, ìlẹ̀kẹ̀ á sún mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á ká jọ, wọ́n á tún ká jọ, títí okùn tó gùn ju ènìyàn lọ yóò fi wọnú ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Ìyá nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdìrí ni, àfi pé níbi tiwa, òwú ló ń yí irun, níbi tiyín, òwú ló ń yí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ọ̀gá mi gan-an kò bi mí rí: ṣé òwú ló ń pinnu bí irun ṣe máa rí, àbí dídì? Mo ní okùn kan náà ló wà nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ojú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dì pa, kò ṣeé kà, ibi tí wọ́n dẹ̀ sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá padà sídìí òwú rẹ̀. Mo rò pé kò yé e ni.

Okùn Ìyá ni mo fi kọ́ṣẹ́. Àṣà wa ni. Olùwo okùn kò gbọdọ̀ wo tara rẹ̀ láéláé, kó má baà yí i padà. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹni ni gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń gbé wá, ọ̀pọ̀ oṣù ni mo sì fi tẹjú mọ́ kírómósómù mẹ́rìndínláàádọ́ta tó wà nínú ìyá mi títí mo fi mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ ìrìn rẹ̀. Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ìkẹsàn-án. Méjì-méjì ni wọ́n ń wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú ìkẹsàn-án Ìyá, ọ̀kan yí ìbàdí padà, apá tó yẹ kó wà lókè wà nísàlẹ̀. Ìkejì sì nípọn nítan. Kò sí àìsàn nínú rẹ̀, bí ilà ojú lásán ni.

Ìyá kò lè fún ọmọ ní méjèèjì. Ọ̀kan ṣoṣo ló kan ẹ̀gbọ́n mi, bí òun náà bá sì bímọ, kò lè fún ọmọ rẹ̀ ju ọ̀kan yẹn lọ. Mo wo ojú Arínúróde. Oníbàdí-yíyí wà níbẹ̀. Abitan-nínípọn dúró tì í.

Mo wo àwọn tó kù títí dé èyí tó kéré jù. Kò sí àjèjì kan láàárín wọn. Mo wá wo ìparí okùn, níbi tí ìdérí wà, ìdérí tó ń kúrú díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín, tí kì í jẹ́ kí okùn tú. Ti ọmọ ọdún márùn-ún yẹ kó gùn. Ti Yétúndé ti jẹ tán bí ti arúgbó. Okùn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí Ìyá bá a dé ló ti ń bá a lọ.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Inú mi sì dùn, ìyẹn ló burú jù. Ìyá mi ló wà lójú ẹ̀rọ yẹn, odindi, bí ẹni pé n kò da yẹ̀pẹ̀ sí i lára. Mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi, mo sì pa ohun gbogbo rẹ́.

Nígbà tó yá ni ọgbọ́n kan wá sí mi. Ìyá ti kọjá àádọ́rin ọdún nígbà tí òfin dé, ìjọba kò sì fi dandan lé e kí àgbàlagbà fi okùn sínú Àká. Àká kò mọ Ìyá. Bí Yétúndé bá dé lọ́la, Arínúróde yóò wá ìkejì rẹ̀ títí, kò ní rí. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan láyé ju ojú mi méjèèjì lọ. Ohun tó kù kò ju kí n pa ẹnu mọ́, kí n sì da ìbúra mi. Mo ń gun òkè lọ sílé, mo ń sọ fún ara mi pé mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ṣe é fún olè tó jí irun Ìyá nítorí yàrá rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń tún àwọ̀n tí a fi ń gba omi ìkùukùu ṣe. Oòrùn ti ń rọlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "òòyà Ìyá dà?"

Kò béèrè òòyà wo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára àwọ̀n.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó jókòó lórí àpáta. Ó ní òun kò jí òòyà. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fi lé òun lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn le, pẹ̀lú irun tó há sí eyín rẹ̀, ó sì dárúkọ ẹni tí òun máa gbé e lọ bá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Títíladé ti ń wá oyún láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì rí. Nígbà tí òun sọ ọ́ fún un, ó ní bó jẹ́ Ìyá náà ni Ọlọ́run fẹ́ fi ta òun lọ́rẹ, òun á gbé e. Mo ní mo rò pé nítorí ilé àti yàrá ló ṣe ṣe é. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú.

"Wọ́n di ọwọ́ mi mú," ó ní. "Wọ́n ní, 'Ládiméjì, má jẹ̀ẹ́ kí n pẹ́ lóde.' Kí ni kí n wí? Ìwọ kí ni ò bá wí?"

Mo mọ Ìyá. Kò fọkàn tán ènìyàn kan rí láyé, ó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ kó tó lọ sùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn àfi fún ara rẹ̀. Ó jọ ọ́.

Mo wá sọ ohun tí mo ti pinnu fún un. Mo ní Àká kò mọ Ìyá, aago kò ní dún, èmi ni mo máa jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sì máa dákẹ́. Mo ń retí kó dúpẹ́. Dípò ìyẹn, ńṣe ló ń wò mí tàánú-tàánú.

"Ìbídùnní, ìgbà wo ni Bàbá kú?"

"Nígbà tí mo wà níkùn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá ni."

Ó mi orí. Ó ní Bàbá bá omi lọ lọ́jọ́ tí òkun gba ilé wa àkọ́kọ́, òun ti tó ọmọ tí wọ́n ń fá lórí nítorí ọ̀fọ̀, òun sì rántí. Òjò ọdún mẹ́ta ló rọ̀ lẹ́yìn náà kí Ìyá tó lóyún mi. Ọkùnrin kankan kò wọ àgọ́ wa. Nígbà tí a gun òkè wá, àárín àjèjì ni a bọ́ sí, kò sì sí ẹni tó lè ṣírò rẹ̀ fún wa.

"Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é nínú ilé yìí," ó ní.

Mo ní irọ́ ni. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kò sí ohun tí kò lè sọ, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, bí mo bá ti jẹ́ Ìyá láti ọjọ́ yìí, kí ló tún ń wá òmíràn fún? Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti dáhùn. Mo ní kó dá mi lóhùn.

"Wọ́n ní o kì í ṣe àwọn mọ́," ó ní. "Wọ́n ní o ti di ti ìjọba."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo yí padà, mo wọlé.

Títíladé jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yétúndé ti wọ yàrá Ìyá, ilẹ̀kùn ti padà dé mọ́ ọn, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀. Títíladé wo ojú mi, ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó fà sí ìdí ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó," ó ní. "Èmi ni mo rọbí rẹ̀."

Mo ní kó sún. Bóyá ohùn mi ló yàtọ̀, ó sún. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn tí ọwọ́ mi kò kàn rí. Bí kò bá ṣí, ẹ̀gbọ́n mi purọ́, mo sì lè máa jẹ́ ọmọ bàbá mi lọ. Mo gbàdúrà kó jó mi. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Kò jó mi. Iná tàn ní àwọ̀ ewé, irin dún, ilẹ̀kùn sún wọnú ògiri bó ṣe sún fún ọmọ láàárọ̀.

Títíladé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní tèmi, Àká ló sọ sí mi lọ́kàn. Àká kò mọ Ìyá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí. Lọ́jọ́ tí mo búra ni wọ́n gba okùn mi sínú rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́ lọ́la bí òkúta, aago ìbejì yóò lù síbẹ̀, yóò béèrè ìkejì Yétúndé, orúkọ tí yóò sì pè, Ìbídùnní ni.

Ọmọ náà jókòó lórí àpótí tí Ìyá máa ń lò. Òwú dúdú wà lórí itan rẹ̀, ó ń dì í mọ́ igi kan tí Ìyá fi ń lu ẹ̀gúsí, ó ń dì í pinpin, ọwọ́ òsì ló sì ń lò. Ìyá kì í fi ọwọ́ òsì gbé àwo. Bí ó bá wà láyé, yóò gbá ọwọ́ yẹn. Mo dúró tì í, mo ń wò ó, ìfura tó ti há mi láyà láti àárọ̀ sì dẹ̀ díẹ̀. Èyí kì í ṣe Ìyá. Èmi náà kì í ṣe Ìyá, òun gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ìdáhùn tí mo fún un nígbà tó béèrè bóyá òwú ni àbí dídì, ó yé e dáadáa, àbájáde rẹ̀ ni kò fẹ́.

"Àǹtí, ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?" Yétúndé bi mí.

"Èmi ni mo ṣí i."

"Kí lẹ fi ṣí i?"

"Ọwọ́ wa," mo ní.

Ó wo ọwọ́ tirẹ̀, ó wo tèmi, kò rí nǹkan kan tó yàtọ̀ níbẹ̀, ó sì padà sídìí òwú rẹ̀.

Nílẹ̀ wa, Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde. Wọ́n rán an ni, kó lọ tọ́ ayé wò kó sì sọ bó ṣe rí, Kẹ́hìndé tó dúró sẹ́yìn tó rán an sì ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Mo ti pẹ́ nínú ayé yìí, mo ti bá wọn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sì mọ bó ṣe rí fún àwọn ọmọ tí bàtà wọn ń bọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ níkẹyìn, mo sì kí i.

"Orúnkún yín ò dùn yín mọ́?"

"Ó ń dùn mí. Gùn mí lẹ́yìn, a fẹ́ máa lọ."

Mo sọ fún Títíladé kó mú ọ̀já wá, kó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ kó mú òòyà, kí wọ́n bá wa ní ọ̀nà apá ìwọ̀-oòrùn igbó kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ilé Okùn kúrò lọ́rùn ọwọ́ mi, mo gbé e lé orí àpótí Ìyá, a jáde, ilẹ̀kùn sì padà dé lẹ́yìn wa.

"Àǹtí, ibo là ń lọ?" Ẹnu rẹ̀ wà létí mi, ó ń fi òwú irun rẹ̀ rìn mí lọ́rùn.

"Ibi tí ilẹ̀kùn kò ti mọ̀ wá," mo ní.